Ṣé géèmù ìjà àtijọ́ ti Jàpáànù nílò ìtumọ̀? Ẹ wá bá mi dá sí i

Ọmọ Alárìnká:

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará ilé. Ìbéèrè ni mo gbé wá. Láti kékeré ni mo ti ń gbá Contra, Castlevania àti Mega Man, mo sì ti gbá èyí tó wà lédè Gẹ̀ẹ́sì nínú wọn tán. Ní báyìí, mo fẹ́ bọ́ sórí àwọn tí kò kúrò ní Jàpáànù rárá, àti àwọn tí wọ́n gé nǹkan kúrò nínú wọn kí wọ́n tó gbé wọn lọ sí Amẹ́ríkà. Mo gbọ́ pé àwọn olólùfẹ́ géèmù ló ń túmọ̀ wọn fúnra wọn, tí wọ́n ń fi patch (fáìlì kékeré tó ń yí ohun inú géèmù padà) pín in lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má wulẹ̀ dààmú, pé yíyìnbọn àti fífò ni géèmù ìjà, kò sí ohun tí èèyàn fẹ́ kà níbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Tí kì í bá ṣe òótọ́, èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀? Báwo ni wọ́n sì ṣe ń fi patch sí i? Fóònù Android ni mo fi ń gbá a, mo tún ní kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tí kò lágbára púpọ̀. Ẹ ṣàlàyé fún mi bíi fún ẹni tí kò ṣe é rí.

Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì:

Àbúrò, ọ̀rẹ́ rẹ kò tíì wo ọ̀rọ̀ yìí dénú. Contra tó o kọ́kọ́ dárúkọ yẹn gan-an ni kó lọ fi wò ó. Nígbà tí Konami gbé e jáde fún Famicom (ẹ̀rọ géèmù Nintendo tí wọ́n ń pè ní NES lẹ́yìn odi) ní Jàpáànù ní 1988, wọ́n fi chip kan tó ń jẹ́ VRC2 sínú kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Chip yẹn ló jẹ́ kí ewé igi máa mì nínú igbó ìpele àkọ́kọ́, tí yìnyín sì ń já bọ́ ní ìpele ibi tó tutù. Tó o bá parí ìpele kan, wọ́n á fi máàpù ibi tó o dé hàn ọ́, àwòrán àti ọ̀rọ̀ díẹ̀ á sì sọ ibi tí ìjà kàn. Ẹ̀dà tó lọ sí Amẹ́ríkà kò ní chip náà, gbogbo ìyẹn sì pòórá. Ìtàn ti wà níbẹ̀ látilẹ̀, wọn ò kàn fi han àwọn tó wà lẹ́yìn odi Jàpáànù ni.

Èyí tó ká mi lára jù ni Assault Suits Valken, géèmù Super Famicom (ẹ̀rọ tó tẹ̀ lé Famicom, SNES lẹ́yìn odi) ti 1992. Nínú rọ́bọ́ọ̀tì ogun lo wà, ọta ìbọn ń fò lọ́tùn-ún lósì, àwọn èèyàn rẹ sì ń bá ọ sọ̀rọ̀ lórí rédíò bí ìjà ṣe ń lọ. Nínú ẹ̀dà Jàpáànù, ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, wàá mọ̀ bóyá ọ̀gá ló ń pàṣẹ àbí ẹlẹgbẹ́ rẹ ló há sínú ewu. Nígbà tí Konami gbé e jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì ní 1993 tí wọ́n sọ ọ́ ní Cybernator, wọ́n yọ àwọn ojú náà kúrò. Wọ́n tún yọ ibi tí ààrẹ àwọn ọ̀tá ti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ nígbà tó rí i pé wọ́n ti ṣẹ́gun òun. Ẹni tó gbá Cybernator parí kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni ogun náà ń lọ. Géèmù tó ń sọ ohun tí ogun ń ṣe fún èèyàn ni, wọ́n wá sọ ọ́ di yíyìnbọn lásán.

Patch táwọn olólùfẹ́ ṣe dá ojú àti ìran yẹn padà. Ní 2023, ẹ̀dà tuntun rẹ̀ tí kò gé nǹkan kan kúrò jáde fún Switch. Ẹni tó bá lágbára kó rà á. Àmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, patch yẹn nìkan ni ọ̀nà tí ẹni tí kò gbọ́ èdè Jàpáànù lè gbà mọ ohun tí géèmù náà ń sọ.

Olùṣọ́ Pèpéle:

Kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìlìǹkì ROM (fáìlì tó gbé gbogbo géèmù náà dání) síbí. Patch kò ní géèmù kankan nínú, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn olùtumọ̀ nìkan ló wà nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tá a fi lè máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní gbangba. Géèmù fúnra rẹ̀ ṣì ní olówó. Ẹni tó ní kásẹ́ẹ̀tì lè fi ẹ̀rọ ìdàkọ gbé ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Retrode ń ṣe ti Super Famicom àti ti Mega Drive, ẹ̀rọ géèmù Sega.

Atúnfáìlìṣe:

Jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ fífi patch síi, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù.

Àkọsílẹ̀ ìyàtọ̀ ni patch. Ohun tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ni pé: lọ sí ibi báyìí nínú fáìlì, pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, fi èyí rọ́pò rẹ̀. Ó dà bí ìwọ̀n tí télọ̀ kọ sínú ìwé: ara ẹni tí wọ́n wọ̀n nìkan ni aṣọ náà máa bá mu. Tí ROM tìẹ kì í bá ṣe irú èyí tí olùtumọ̀ lò gan-an, ọ̀rọ̀ á wọ ibi tí kò yẹ, géèmù á dúdú lójú tàbí kó dákú ní ìpele kẹta nígbà tí ọkàn rẹ ti balẹ̀.

Nítorí náà, readme, ìyẹn fáìlì àlàyé tó bá patch wá, lo máa kọ́kọ́ ṣí. Wọn á kọ orúkọ ROM tí wọ́n lò síbẹ̀, àti nọ́ńbà CRC32 tàbí SHA-1 rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ṣírò láti inú fáìlì náà. Lọ sí Rom Patcher JS lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, inú browser ló ti ń ṣiṣẹ́. Bó o bá ti yan ROM rẹ báyìí, á fi àwọn nọ́ńbà náà hàn ọ́. Tí wọ́n bá bára mu, máa bá iṣẹ́ lọ. Tí wọn ò bá bára mu, dúró, wá ìdí rẹ̀ kó o tó ṣe nǹkan mìíràn. Fún àwọn géèmù kásẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà tó wà nínú àkójọ No-Intro ni ọ̀pọ̀ readme ń lò, Redump sì ni ti àwọn géèmù CD.

Irú patch náà tún ṣe pàtàkì. IPS ló pẹ́ jù nínú wọn. Kì í yẹ ROM wò rárá: ohunkóhun tó o bá gbé fún un ni yóò kọ lé lórí, kò sì lè ṣiṣẹ́ kọjá mẹ́gábáìtì 16. BPS ní tirẹ̀ á yẹ ROM wò kó tó bẹ̀rẹ̀, tí kò bá jẹ́ èyí tó yẹ, á kọ̀ jálẹ̀. Tí wọ́n bá fún ọ ní méjèèjì, BPS ni kó o mú. Àwọn géèmù CD sábà máa ń wá pẹ̀lú xdelta.

Lórí Android, UniPatcher ni kó o lò. Yan patch, yan ROM, fún fáìlì tuntun náà lórúkọ mìíràn, kó o wá tẹ bọ́tìnì. Lórí kọ̀ǹpútà tí kò lágbára, Floating IPS kò wúwo rárá. Má ṣe kọ lé ROM àkọ́kọ́ lórí láé, torí bí ẹ̀dà tuntun patch náà bá jáde lọ́dún tó ń bọ̀, orí ROM tí ọwọ́ kò tíì kàn ni wàá ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà tí kò ní jẹ́ kó o fọwọ́ kan ROM rárá. Fún patch náà ní orúkọ kan náà pẹ̀lú ROM, kó o fi wọ́n sínú fódà kan. Snes9x (emulator ni, ìyẹn ètò tó ń ṣe bí ẹ̀rọ géèmù) àti ọ̀pọ̀ core (àwọn emulator kéékèèké) inú RetroArch á fi patch náà sí i bí wọ́n bá ti ń ṣí géèmù.

Lẹ́yìn tó o bá ti fi patch sí i, má ṣe ṣí save state (ìfipamọ́ tí emulator ṣe) àtijọ́. Ohun tó wà nínú ọpọlọ ẹ̀rọ nígbà náà lo gbé pamọ́ yẹn, kò bá ROM tuntun mu mọ́. Ìfipamọ́ tí géèmù fúnra rẹ̀ ṣe kì í sábà níṣòro.

Arábìnrin Páàdì:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Atúnfáìlìṣe. Èmi á mú ti "èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀".

Níwọ̀n bó o ti fẹ́ràn Mega Man, fi Rockman & Forte bẹ̀rẹ̀. Rockman lorúkọ Mega Man ní ilé rẹ̀. Ní oṣù April 1998 ni Capcom gbé e jáde fún Super Famicom, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti sá lọ sórí PlayStation. Ó jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì fún Game Boy Advance ní 2003, àmọ́ ojú Game Boy Advance kéré: píksẹ́lì 240 sí 160 ni, nígbà tí ti Super Famicom jẹ́ 256 sí 224. Géèmù náà le gan-an, ẹni tí kò bá rí ọ̀tá tó wà lókè orí rẹ̀ á jìyà. Patch orí ẹ̀dà Super Famicom ló máa jẹ́ kó o rí gbogbo ojú pápá. CD 100 ló sì wà ní ìpamọ́ káàkiri àwọn ìpele, ìtàn ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ènìyàn àti rọ́bọ́ọ̀tì inú Mega Man ló wà nínú wọn. Ọ̀rẹ́ rẹ tó ní kò sí ohun tí èèyàn fẹ́ kà, kó wá ka ìwọ̀nyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, bọ́ sí Ganbare Goemon. Èyí àkọ́kọ́ nìkan nínú mẹ́rin tó wà lórí Super Famicom ló jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì, The Legend of the Mystical Ninja, ní 1992. Wọ́n tilẹ̀ yí orúkọ Goemon padà sí Kid Ying, tí Ebisumaru ọ̀rẹ́ rẹ̀ di Dr. Yang. Goemon, olè tó ń jalè bọ́ tálákà, tí gbogbo ọmọ Jàpáànù mọ ìtàn rẹ̀ láti ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún! Mẹ́ta yòókù ti ní patch báyìí, orúkọ wọn sì padà sórí wọn. Goemon 2, ti 1993, ni kó o kọ́kọ́ gbá. Ibẹ̀ ni Impact, rọ́bọ́ọ̀tì ràbàtà tó ní irun bíi ti Goemon, ti kọ́kọ́ yọjú.

Getsu Fūma Den ti Famicom, 1987, wà fún ẹni tó bá fẹ́ ohun tó gbóná. Fūma ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọkùnrin mẹ́ta. Ó ń lọ gbẹ̀san àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lára Ryūkotsuki. Máàpù wà, ṣọ́ọ̀bù wà, àwọn èèyàn wà tí wọ́n ń júwe ọ̀nà. Láìní ìtumọ̀, wàá kàn máa rìn kiri ni.

Monster World IV ti Mega Drive, 1994, dùn, ó sì lẹ́wà. Sega ti gbé ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì jáde ní 2012. Bó o bá rí ìyẹn rà, kò sí ìdí fún patch.

Bákan náà ni Seiken Densetsu 3 ti 1995. Idà lójú ẹsẹ̀ ni ìjà rẹ̀, o máa yan mẹ́ta nínú akọni mẹ́fà, ìtàn á sì yí padà gẹ́gẹ́ bí o ṣe yàn. Patch àwọn olólùfẹ́ jáde ní 2000. Ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì tí Square Enix fọwọ́ sí kò dé títí di 2019. Gbogbo ọdún mọ́kàndínlógún tó wà láàárín yẹn, patch ni aráyé fi gbá a. Èmi kì í gbàgbé iṣẹ́ táwọn èèyàn yẹn ṣe láìgba kọ́bọ̀.

Ọmọ Alárìnká:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti mú Valken. Mo wo fáìlì mi kí n tó ṣe nǹkan kan gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀gbọ́n Atúnfáìlìṣe ṣe wí: CRC32 rẹ̀ kò bá ti readme mu, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ báìtì 1,049,088. Ṣé ROM mìíràn ni?

Atúnfáìlìṣe:

Rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ROM náà gan-an. Mẹ́gábáìtì 1 jẹ́ 1,048,576. Yọ ọ́ kúrò nínú tìẹ, 512 ló kù. Báìtì 512 yẹn ni header táwọn ẹ̀rọ ìdàkọ ayé àtijọ́ máa ń fi síwájú ROM Super Famicom. Kò sí ìwúlò kankan tó ń ṣe fún géèmù, àmọ́ ó ti ti gbogbo nǹkan síwájú ní àyè 512, ìyẹn ni CRC kò ṣe bára mu. UniPatcher lè yọ ọ́ kúrò fún ọ, wo inú menu rẹ̀. Yọ ọ́, kó o tún CRC32 wò.

Àwọn patch kan ti àtijọ́ wà tí wọ́n ṣe sórí ROM tó ní header. Readme á sọ "headered" tàbí "unheadered". ROM Famicom ní header tirẹ̀, báìtì 16, ìyẹn ẹ má yọ ọ́ o: òun ló ń sọ fún emulator irú chip tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì.

Ọmọ Alárìnká:

Ó bára mu! Géèmù ti ṣí, ojú àwọn èèyàn ń yọ bí Bàbá ṣe wí. Ẹ kú iṣẹ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kana:

Ẹ kú ìjíròrò. Èdè Jàpáànù ni mò ń kọ́, mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tẹ́nì kankan kò tíì fọwọ́ kàn: kì í ṣe gbogbo patch ló yẹ ká gbẹ́kẹ̀ lé.

Patch mẹ́ta lè wà fún géèmù kan. Ka readme rẹ̀ dópin. Ta ló túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà? Ṣé wọ́n dárúkọ ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn olùtumọ̀? Ṣé wọ́n gbá géèmù náà dé òpin pẹ̀lú patch? Ṣé àkójọ ohun tí wọ́n tún ṣe nínú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀? Níbi tí gbogbo ìwọ̀nyí bá ti wà, ẹni tó mọ iṣẹ́ ló ṣe é. Àwọn kan wà báyìí tí wọ́n da gbogbo ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ atúmọ̀, tí wọ́n sì kó ohun tó bá jáde padà sínú géèmù. Èdè Jàpáànù sábà máa ń fò ẹni tó ṣe nǹkan dá. Wọ́n á ní "ti kú" láìsọ ẹni tó kú. Ènìyàn tó ti gbá géèmù náà mọ̀ pé bàbá ọmọ náà ni. Ẹ̀rọ á méfò, á sì kọ "mo ti kú" sí ẹnu ẹni tó ń mí.

RetroArch náà ní AI Service tó máa ń ka ojú géèmù tó sì máa ń túmọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó wúlò fún menu. Fún géèmù ìjà kò bá a mu, torí ọ̀rọ̀ rédíò Valken ti kọjá kí ìtumọ̀ tó dé, ó sì máa ń ṣi kana (lẹ́tà Jàpáànù tó dúró fún sílébù) onípíksẹ́lì kà.

Nípa Goemon tí Arábìnrin Páàdì sọ: mo fara mọ́ ọn, pẹ̀lú ohun kan. Ẹ̀fẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Èmi fẹ́ kí olùtumọ̀ fi ìlú, oúnjẹ àti orúkọ ilẹ̀ Jàpáànù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, kódà tí mo bá ní láti lọ wádìí wọn.

Arábìnrin Páàdì:

Àbúrò mi, fi orúkọ ìlú àti oúnjẹ sílẹ̀, mo gbà. Ẹ̀fẹ̀ ńkọ́? Bí ẹni tó kọ géèmù náà bá fẹ́ kí n rẹ́rìn-ín, tí mo wá ń ka àlàyé dípò kí n rẹ́rìn-ín, ohun tó kọ kọ́ ni mo gbà. Kí wọ́n wá ẹ̀fẹ̀ tó bá a dọ́gba lédè tí wọ́n ń túmọ̀ sí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kana:

Ẹ̀yin lẹ jàre lórí ẹ̀fẹ̀. Lórí ọ̀rọ̀ àgbà tàbí ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ̀, mi ò ní yí padà. Èdè Jàpáànù ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bá ẹlẹgbẹ́ sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì ń pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Àwa tá a ń sọ "ẹ" àti "o" mọ ohun tó sọ nù níbẹ̀.

Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì:

Ẹ jẹ́ kí n mú àwọn géèmù CD wá díẹ̀, torí ohùn wà nínú ìyẹn. Akumajō Dracula X: Chi no Rondo, Castlevania ti ẹ̀rọ PC Engine, 1993. Ohùn tó ń sọ ìtàn ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, èdè Jámánì ló ń sọ, nínú ẹ̀dà Jàpáànù fúnra rẹ̀. Patch kan wà tó fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò ohùn Jàpáànù. Tó o bá ṣí géèmù náà, tó o wá rí ìpele kékeré kan tó dà bí eré ọmọdé dípò géèmù, má rò pé patch ló bà á jẹ́. System Card àtijọ́, ìyẹn káàdì tó ń jẹ́ kí PC Engine lè ka CD, ni emulator rẹ ń lò. Ó nílò 3.0. Àwọn tó ṣe géèmù ló mọ̀ọ́mọ̀ fi ìpele yẹn síbẹ̀ fún ẹni tó bá fi káàdì tí kò tó ṣí i.

Bulk Slash ti Saturn, ẹ̀rọ géèmù Sega, 1997, wà lára iṣẹ́ tó wú mi lórí jù. Rọ́bọ́ọ̀tì tó ń di ọkọ̀ òfurufú lò ń wà, obìnrin atọ́nà kan sì ń fi ohùn sọ ibi tó o máa gbà fún ọ. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú tẹlifíṣọ̀n, ta ló ráyè kà á nígbà tí ọta ń bọ̀? Àwọn olólùfẹ́ yẹn wá àwọn òṣèré, wọ́n gba ohùn gbogbo àwọn atọ́nà náà sílẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fi wọ́n sínú géèmù. Olùtumọ̀ tó mọ̀ pé géèmù ìjà lòun ń túmọ̀ nìyẹn.

Olùṣọ́ Pèpéle:

Fún ẹni tó bá ń wá ibi tí patch wà: romhacking.net kò gba fáìlì tuntun mọ́ láti oṣù August 2024, àmọ́ àwọn ti tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, wọ́n sì ti gbé ẹ̀dà rẹ̀ sí Internet Archive. Tí ẹ bá ń wá èyí tó jáde lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ yẹ romhack.ing àti RomHack Plaza wò.

Ọmọ Alárìnká:

Mo ti gbá Valken dé òpin, mo sì rí ìran ààrẹ náà. Mi ò lè padà sí Cybernator mọ́. Ìbéèrè kan ló wá ń jẹ mí lọ́kàn láti àná: ṣé a lè ṣe irú patch báyìí ní Yorùbá? Àmì orí àti àmì ìdí lẹ́tà wa ńkọ́?

Atúnfáìlìṣe:

Ó ṣeé ṣe. Ká fi Famicom ṣàpẹẹrẹ, torí òun ló le jù, ẹni tó bá mọ tirẹ̀ á mọ ti Super Famicom.

Nínú Famicom, táìlì onípíksẹ́lì 8 sí 8 ni lẹ́tà. Táìlì 256 ló máa ń wà fún àwòrán ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́tà, ògiri àti òkè ló jọ ń pín in. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ géèmù rẹ̀ fi ń lo kana nìkan: kanji, àwọn àmì Jàpáànù tó ń dúró fún odindi ọ̀rọ̀, pọ̀ jù, píksẹ́lì 8 kò sì gbà á. Táìlì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, nọ́ńbà yẹn ni wọ́n sì fi kọ ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú ROM. Iṣẹ́ rẹ àkọ́kọ́ ni kó o kọ fáìlì táábù tó so nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan mọ́ kana rẹ̀. Tó o bá fi táábù yẹn ṣí ROM nínú hex editor (ètò tó ń fi báìtì inú fáìlì hàn), ohun tó ti jẹ́ nọ́ńbà lásán á di gbólóhùn tó ṣeé kà.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni pointer. Òun ló ń tọ́ka sí ibi tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀. Ìdajì ẹ̀yìn nọ́ńbà ló máa ń ṣáájú nínú fáìlì: àdírẹ́sì 8A40 á jókòó síbẹ̀ ní 40 8A. Bí gbólóhùn Yorùbá bá gùn ju ti Jàpáànù, gbé e lọ síbi tó ṣófo, kó o sì yí pointer rẹ̀ padà. Bí o kò bá mọ ibi tí pointer wà, ṣí géèmù nínú Mesen, emulator kan, sọ fún debugger rẹ̀ (irinṣẹ́ tó ń tọpa iṣẹ́ ẹ̀rọ) pé kó dúró nígbà tí ẹ̀rọ bá fẹ́ ka àdírẹ́sì gbólóhùn yẹn. Ibi tó bá dúró sí lo máa tọpa lọ.

YY-CHR, ètò tí wọ́n fi ń ya táìlì, ni ẹ máa fi ya lẹ́tà. Ẹ, ọ, ṣ nílò táìlì tiwọn. Ẹ ya ara lẹ́tà náà ní píksẹ́lì 5 ní gíga, kí píksẹ́lì kan ṣófo, kí àmì ìdí wá jókòó sí ìlà tó tẹ̀ lé e. Tí àmì yẹn bá lẹ̀ mọ́ lẹ́tà, lórí tẹlifíṣọ̀n ẹ kò ní mọ ṣ yàtọ̀ sí s.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kana:

Inú mi dùn sí ìbéèrè yìí gan-an, torí èdè méjèèjì bára wọn mu ju bí èèyàn ṣe rò lọ.

Àmì orí lákọ̀ọ́kọ́. か ni "ka", が ni "ga", àmì kéékèèké méjì ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù Famicom, àmì yẹn kì í sí nínú táìlì kana. Táìlì tirẹ̀ ló ní, wọ́n sì ń gbé e sórí kana nínú ìlà tó ṣófo láàárín ìlà ọ̀rọ̀ méjì. Bí kóòdù géèmù bá ti rí nọ́ńbà "ga", á wo inú àtẹ kan, á fi táìlì "ka" sísàlẹ̀, á sì fi àmì sókè. Géèmù náà ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi àmì sórí lẹ́tà! Ẹ kàn máa yí àtẹ yẹn padà ni: níbi tí "ga" wà, ẹ kọ pé "a" nísàlẹ̀, àmì ohùn òkè lókè. Àmì ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀, táìlì méjì péré ni wọ́n gbà fún gbogbo fáwẹ́lì àti fún ń àti ǹ. Géèmù tó ń fi ìlà sílẹ̀ fún àmì báyìí ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ fojú wò ó lójú géèmù, á hàn.

Ti ẹ̀ẹ̀kejì ni àyè. Kana kan jẹ́ sílébù kan, báìtì kan ló sì gbà. Gẹ̀ẹ́sì máa ń jẹ àyè nítorí pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ń gba báìtì tirẹ̀. Àwọn tó ń ṣe patch máa ń lo DTE, níbi tí báìtì kan ti ń tẹ lẹ́tà méjì jáde. Lédè Gẹ̀ẹ́sì wọ́n ní láti ṣírò àwọn lẹ́tà méjì tó ń bá ara wọn rìn jù. Yorùbá kò nílò ìṣirò yẹn, kọ́ńsónáǹtì kan àti fáwẹ́lì kan ni ọ̀pọ̀ sílébù wa. Kọ́ńsónáǹtì 18 la ní. Yọ gb, torí "g" kan níwájú "ba" ti kọ ọ́. 17 tó kù lọ́nà fáwẹ́lì 7 jẹ́ 119. Nínú nọ́ńbà 256 tí báìtì kan lè jẹ́, àyè ṣì kù fún fáwẹ́lì tó dá dúró, fún n, fún nọ́ńbà àti àmì ìdánudúró. Ẹni tó bá ṣe kóòdù rẹ̀ dáadáa, ọ̀rọ̀ Yorùbá lè wọ àyè tí Gẹ̀ẹ́sì kò lè wọ̀.

Ohun kan tí mo bẹ̀ yín fún: ẹ má túmọ̀ láti inú patch Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì pa rẹ́, ìbọ̀wọ̀ ni mo kọ́kọ́ rò, kò ní padà wá. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ lo kóòdù tí ẹlòmíràn kọ sínú patch rẹ̀, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú readme.

Bàbá Kásẹ́ẹ̀tì:

Ọlọ́run á ràn yín lọ́wọ́. Géèmù kékeré ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju ojú ìwé méjì lọ. Contra ti Famicom bá iṣẹ́ náà mu: ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, gbogbo èèyàn ló sì mọ géèmù náà. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ní ìlà àmì tí Akẹ́kọ̀ọ́ wí. Bí kò bá ní, ẹ wá òmíràn.

Arábìnrin Páàdì:

Ẹ fi mí sí ìdí yíya lẹ́tà. Màá ya a dé y, ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn méjèèjì, màá fi àwòrán wọn síbí kí ẹ lè sọ èyí tí kò ṣeé kà. Tẹ́ ẹ bá ti fi wọ́n sínú ROM, mo fẹ́ kí ẹnì kan gbá a lórí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ onígíláàsì, kí ẹlòmíràn gbá a lórí fóònù, torí píksẹ́lì àmì ìdí lè pòórá lórí ọ̀kan kó sì hàn lórí èkejì.

Ọmọ Alárìnká:

Mo ní tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ nílé wa, ó ń ṣiṣẹ́. Màá ṣí ìjíròrò tuntun fún iṣẹ́ náà lónìí, kí ti patch lè dá dúró níbí. Akẹ́kọ̀ọ́ Kana, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi fáìlì táábù kana síbẹ̀ bẹ́ ẹ bá ti ráyè.